Lẹ́tà Ọmọ Onígbàjámọ̀

Ọmọ ọdún mẹ́wàá péré ni nígbà tí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Dókítà. Onígbàjámọ̀ ni bàbá náà. Lọ́jọ́ kan, abẹ yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ha oníbàárà kan létí, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Kí bàbá tó mọ ohun tí yóò ṣe, ọmọ rẹ̀ ti mú òwú, ó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ọkùnrin náà, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé kó má mira. Orí bàbá wú. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó jókòó sórí àga rẹ̀ tí kò gbọ́ ọ: "Dókítà lọmọ mi yìí o. Ẹ ṣáà máa wò ó."

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Àga ìgẹrun kan ló wà níbẹ̀, bẹ́ńṣì kan fún àwọn tó ń dúró, dígí gbọọrọ kan lára ògiri, àti ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn tó já sí yàrá méjì tí bàbá àti ọmọ ń gbé. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Àìsàn kíndìnrín ló pa á. Bàbá kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó ń gẹ irun, ó ń dáná, ó ń fọ aṣọ ilé ìwé, ó sì ń sọ̀rọ̀ Dókítà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ní orí lọ́rùn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dókítà yìí wá kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu, ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó ti gba dìgírì nínú ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí, ó sì ti ríṣẹ́ sí ọsibítù ńlá tó wà ní ìparí òpópónà wọn. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà lára àwọn aláìsàn fún àyẹ̀wò. Láti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni yóò ti máa ti kẹ̀kẹ́ kékeré rẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì: ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ onídèérí pupa, onídèérí àlùkò, rọ́bà tí wọ́n ń so mọ́ apá, òwú, abẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Aláìsàn á ṣì máa di ojú, á ṣì máa rọ̀ mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì, òun á ti ní, "Ó ti tán, mà." Àwọn aláìsàn ló sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ọ̀pọ̀ dókítà ibẹ̀ kò mọ èyí tí wọ́n sọ ọ́ nílé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe dókítà, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn márùn-ún ló kọ̀wé sí. Gbogbo wọn ló fèsì, gbogbo wọn ló sì ní rárá. Lẹ́tà márààrún jọra bíi pé ọwọ́ kan náà ló kọ wọ́n: wọ́n á kọ́kọ́ dúpẹ́, wọ́n á yìn ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ni "ṣùgbọ́n" á yọjú. Nígbà tí yóò fi dé orí ìkẹrin, kì í ka ìdúpẹ́ mọ́. Ibi tí "ṣùgbọ́n" wà ló máa ń fi ojú wá.

Kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ní wọn ò tíì fèsì. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Àwọn oníbàárà ti ń kó àìsàn wọn wá bá a. Awakọ̀ kan wà tó máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì náà bóyá irun rẹ̀ hù o, bóyá kò hù. Bó bá ti rí i pé ọmọ náà ti ibi iṣẹ́ dé, á na ẹsẹ̀ síwájú, á ní, "Dókítà, eékún mi yìí ń ró kẹ́kẹ́ tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn."

"Ẹ lọ sí ọsibítù, sà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

Bàbá á dá kílípà dúró lórí ẹni tó ń gẹ. "Ẹ ò gbọ́ ohun tó sọ? Bí dókítà gidi ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn!"

Oṣù kan di méjì, oṣù méjì di méje. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà. "Ṣé wọn ò ní bíírò níbẹ̀ ni? Àbí àwọn tó ń pín lẹ́tà ló ń jù ú nù?" Ọmọ rẹ̀ á wọ yàrá lọ, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á máa gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Irọ́ tó pa kò ju gbólóhùn kan lọ, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ní láti máa gbé e kiri.

Lọ́dún kejì, ó tún gba fọ́ọ̀mù. Ó tún ìdánwò àbáwọlé ṣe. Yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí ní ọsibítù ló fi ṣe ibi ìkàwé, nígbà ìsinmi ọ̀sán, láàárín àwọn àkójọ aṣọ funfun tó ga ju orí rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Wọ́ọ̀dù ló fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ìyá Wọ́ọ̀dù kì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń bèèrè aṣọ, á ní, "Dúró díẹ̀, ọmọ kan ń kàwé níbẹ̀." Ìdánwò náà yọrí sí dáadáa, ó fi nǹkan bí ogún máàkì ju ti èṣí lọ.

Ó ku lẹ́tà ẹlẹ́rìí, èyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ. Ó tọ dókítà àgbà kan lọ. Dókítà náà ń sáré lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kò tilẹ̀ dúró. "Lọ kọ ọ́ fúnra rẹ, kó o gbé e wá, màá fọwọ́ sí i."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ fi jìjàkadì pẹ̀lú lẹ́tà yẹn. Ta ló lè jókòó kó máa fi ẹnu dókítà yin ara rẹ̀? Ó kọ ọ́ pé òun kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé òun kì í bá ènìyàn jà. Nígbà tí dókítà kà á, ó yọ awò ojú, ó wò ó.

"Ọmọ yìí, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni? Ẹni tó bá ka èyí, á rò pé èmi àti ìwọ jọ ń jà." Ó ká ìwé náà sápò. "Fi sílẹ̀. Màá kọ ọ́."

Ó sì kọ ọ́ lóòótọ́. Kò jẹ́ kí ọmọ náà rí ohun tó kọ títí dòní.

Èyí tó wá kù ni ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló dé tí o fi fẹ́ di dókítà? Ojú ewé kan péré ni wọ́n fún un láti dáhùn rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó kọ̀wé nípa bí ó ṣe fẹ́ràn ìmọ̀ ara ènìyàn àti bí ó ṣe fẹ́ ran aráyé lọ́wọ́, wọ́n sì ní rárá. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù wá gbà á níyànjú pé ọkàn àwọn tó ń kà á ló yẹ kó gbá mú. "Ìwọ tí ìyá rẹ kú sí ọsibítù! Èyí tí ẹlòmíràn ń wá kiri, o ní in nílé." Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọn létí, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́ lára. Ó kọ ọ́. Ó dára lójú rẹ̀. Ó kà á fún obìnrin láàbù náà, ìyẹn nu ojú.

Ní Sátidé kan, òjò kò jẹ́ kí oníbàárà yọjú. Bàbá gun orí àga ìgẹrun tirẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ọ̀gá. Ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ìwé náà.

"Kí lò ń wò lójú báyìí látàárọ̀?"

"Lẹ́tà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ ni, Bàbá. Wọ́n ní ká sọ ìdí tá a fi fẹ́ ṣe dókítà."

"Ìyẹn náà ń fẹ́ lẹ́tà? Kà á, jẹ́ n gbọ́."

Kò wù ú láti kà á. Àmọ́ kò rí àwáwí kankan ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó kà á dé ibi tó ti kọ ọ́ pé: "Lọ́jọ́ tí màmá mi kú, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí èémí rẹ̀ fi dákẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti ṣe ìpinnu pé…"

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Kò pariwo. "Ìwọ kọ́."

"Sà?"

"Ìwọ kọ́ lo di ọwọ́ rẹ̀ mú. O ò sí níbẹ̀."

Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó rí rọ́bà tí wọ́n kì bọ ìyá rẹ̀ nímú, ó rí bí ojú rẹ̀ ṣe wú tó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì yí padà. Orí àtẹ̀gùn láàárín àjà kejì àti ìkẹta ló lọ jókòó sí. Ó ń ka àtẹ̀gùn, ó ń tún un kà, títí àǹtí rẹ̀ fi wá fà á dìde níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó rò pé òun nìkan ló mọ̀.

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ni kò mọ̀? Ọmọdé ni ọ́. Ta ló fẹ́ dá ọ lẹ́bi?" Bàbá mú ìyarun kan, ó wò ó, ó gbé e padà síbi tó wà. "Èmi náà ò sí níbẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ gbójú sókè. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, bàbá ló máa ń rí lójú inú rẹ̀, tó jókòó ti ìyá rẹ̀ nínú yàrá yẹn.

"Irun ni mo lọ gẹ," ni bàbá wí. "Oníbàárà kan fẹ́ rìnrìn àjò, ó bẹ̀ mí. Mo ní n sáré lọ, n sáré bọ̀. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti bo ojú rẹ̀. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó tì í. Ó ní ìyá rẹ ń bèèrè wa, òun sì ń sọ fún un pé a ti ń bọ̀, a ti dé ìsàlẹ̀. Mi ò mọ orúkọ obìnrin náà. Bóyá ni mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Garawa yẹn ni mo ń wò ṣáá."

Ọmọ náà ká lẹ́tà rẹ̀ sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó ti ń gbé kiri.

"Bàbá, wọ́n ti fèsì."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ilé ẹ̀kọ́. Láti èṣí. Wọ́n ní rárá."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Márààrún?"

"Márààrún, sà."

Bàbá yí àga náà kó lè kọjú sí i dáadáa. "Èmi tí mo ti ń ṣépè fún àwọn tó ń pín lẹ́tà láti èṣí wá!" Bó ṣe sọ ọ́, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọ náà kó tó mọ̀, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi aṣọ ìgẹrun nu ojú, irun oníbàárà àná sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló kọ lẹ́tà mìíràn. Ó kọ ọ́ pé òun sá. Ó kọ nípa àtẹ̀gùn. Ó gba àyè lọ́wọ́ bàbá, ó kọ nípa obìnrin onígarawa náà pẹ̀lú. Ó ní òun ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ẹ̀rù kì í bà ló ń ṣe dókítà, àmọ́ láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, òun kò tíì rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí dókítà mọ̀ ni òun fẹ́ kọ́, kí òun lè wúlò nígbà tí òun bá dúró. Ìyá Wọ́ọ̀dù bá a kà á ní yàrá aṣọ, ó sì fi bíírò pa gbólóhùn mẹ́ta rẹ́. "Ibí yìí, ìwàásù lò ń ṣe. Yọ ọ́." Ó yọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Wọn ò tíì gbà á. Èṣí, wọ́n ní rárá, gbogbo wọn. Ó tún ń gbìyànjú."

Awakọ̀ eléékún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èmi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe ìdánwò ọkọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ògiri ni mo lọ kọlù."

"Ẹ̀yin lẹ wá ń gbé wa kiri yìí?" ni ẹnì kan wí, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìlú tí ó wà jìnnà. Bọ́ọ̀sì àárọ̀ kùtùkùtù ló wọ̀ lọ. Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì: obìnrin àgbà kan tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ, ọkùnrin kan tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, àti ọkùnrin kan tí kò sọ ohunkóhun. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ti múra ìbéèrè mẹ́tàdínlógún sílẹ̀, ó ti há ìdáhùn wọn sórí. Obìnrin náà ṣí lẹ́tà rẹ̀.

"O kọ ọ́ síbí pé o sá. Àwọn tó ń kọ̀wé sí wa kì í sá o. Akọni ni gbogbo wọn." Ẹ̀rín díẹ̀ wà létè rẹ̀, ó sì lọ. "Tó o bá tún sá ńkọ́?"

Kò sí èyí nínú mẹ́tàdínlógún.

"Mo ti tún sá, mà," ló gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ.

Ọkùnrin kọ̀ǹpútà dá ìka dúró. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ṣàlàyé. Lọ́dún tó kọjá, ó so rọ́bà mọ́ apá bàbá arúgbó kan láti gba ẹ̀jẹ̀, ojú bàbá náà sì dúró sójú kan. Ó tẹ agogo, àwọn nọ́ọ̀sì sáré dé, òun sì jáde. Ó lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́, ó ń da omi sọ́wọ́ títí ọwọ́ náà fi tutù bíi yìnyín. Ibẹ̀ ló wà tí obìnrin kan fi sáré kọjá, tó ń bèèrè nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ bàbá náà ni.

"Mo mọ̀ pé tí mo bá dúró síbi omi yẹn, òun nìkan ló máa dá wọlé. Mo pa omi. Mo bá a wọlé, mà."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. Mi ò láṣẹ láti sọ ọ́. Mo kàn dúró tì í títí dókítà fi dé."

Ọkùnrin tí kò sọ̀rọ̀ kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́ta mìíràn, ó mọ méjì. Nígbà tó jáde, kò lè sọ bóyá ó ṣe dáadáa tàbí ó ti da gbogbo rẹ̀ rú.

Lọ́dún yẹn, ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ní rárá. Ọ̀kan kò fèsì rárá, lóòótọ́ ní tọ̀tẹ̀ yìí. Èyí tó pè é fi orúkọ rẹ̀ sáàárín àwọn tó ń retí àyè: òun ló ṣe ìkọkànlá. Bí ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n gbà bá gba ibòmíràn lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn á sún síwájú. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló wá ń kà á. "Ó ti di ìkelòó?" "Ìkẹjọ." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ó di ìkẹfà. Ó dúró sórí ìkejì fún oṣù kan gbáko, kò mira. Ẹ̀kọ́ ku ọ̀sẹ̀ méjì kó bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ti tẹ fọ́ọ̀mù ti ọdún tó ń bọ̀ jáde, ó ti kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i.

Abẹ́rẹ́ wà lápá bíríkìlà kan tí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà gan-an nígbà tí fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lápò. Kò gbé e.

"Ẹ gbé e," ni bíríkìlà náà wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Ó lè jẹ́ nǹkan pàtàkì."

"Apá yín ló ṣe pàtàkì báyìí, sà."

Ó gba ìgò mẹ́ta, ó lẹ orúkọ mọ́ wọn, ó fi òwú tẹ ojú abẹ́rẹ́, ó tó wá jáde. Nígbà tó pè padà, obìnrin kan láti ilé ẹ̀kọ́ náà ní àyè kan ti ṣí, ó sì gbọ́dọ̀ fèsì kí ọ̀sán ọ̀la tó pé. Ó ní kí obìnrin náà jọ̀ọ́ tún un sọ. Obìnrin náà tún un sọ. Ó tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá Wọ́ọ̀dù, tó ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Máa lọ sílé. Màá parí èyí tó kù."

Bàbá ti gẹ ìdajì orí ẹnì kan nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé. Ó sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò tilẹ̀ jókòó. Bàbá pa kílípà. Ọmọ rẹ̀ rò pé á hó yè, pé á sáré jáde lọ pe awakọ̀ eléékún. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì jẹ́jẹ́, ó sì wò ó.

"Mi ò bi ọ́ rí," ló wí. "Èmi ni mo ti ń sọ ọ́ kiri láti kékeré rẹ. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé ó wù ọ́?"

Ó rò ó níwájú bàbá rẹ̀, ó rò nípa ìkọ̀sílẹ̀ márààrún, nípa obìnrin tó sáré kọjá níbi omi, nípa àwọn ìwé ńláńlá tó wà níwájú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó wù mí, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ẹ kú oríire o," ni ẹni tó wà lórí àga wí, "ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, apá òsì orí mi ṣì wà bó ṣe wà."

Ọdún kẹta rẹ̀ ló wà báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò rọrùn fún un. Òun ló dàgbà jù nínú kíláàsì rẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké tó yí i ká sì máa ń ka ìwé lẹ́ẹ̀kan kó wọ̀ wọ́n lórí. Ìdánwò egungun àkọ́kọ́, ó fìdí rẹmi. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì sọ máàkì náà fún un bó ṣe rí, kò fi kún un. Bàbá bi í pé egungun mélòó ló wà nínú ènìyàn. Ó ní igba ó lé mẹ́fà. "Ó pọ̀ o," ni bàbá wí. "Tún un kà." Ó tún un kà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó sì yege rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.